Ìlà Kẹta Lára Òkúta

"Ìlà kẹta ńkọ́?" Kọ́láwọlé Ọláyẹmí bèèrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sórí òkúta mábìlì tó wà lórí tábìlì, ó sì ń fi ìka tọ ibi tí kò tíì sí nǹkan kan.

Sàídì dáwọ́ omi tó ń dà sórí òkúta náà dúró. Ó ní irin tí òun fi ń fín ìwé ti kújú, òun sì ti fi ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ kan ní Sẹ̀kọ̀nà kó bá òun pọ́n ọn. Irọ́ ni. Irin mẹ́rin ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ló mú bí abẹ.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta mà ni," Kọ́láwọlé wí. "Ọjọ́rú la wà yìí. Àlejò ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá. Aago mẹ́wàá ni Pásítọ̀ ní a máa ṣí aṣọ lójú òkúta yìí."

"Yóò ti parí, sà."

Kọ́láwọlé kì í ṣe ẹni líle. Olùkọ́ ni ní Pólì, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, a sì máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ lápò, ó tún ka ohun tí ẹbí ti jọ fẹnu kò lé lórí. Ìlà kìíní: Méjọ̀ Bámidélé Ọláyẹmí. Ìlà kejì: 1977 sí 2015. Ìlà kẹta: Akọni ọmọ ogun tí ó kú lọ́wọ́ ọ̀tá.

"Ikú ogun ní í pa akíkanjú," ó wí, ó sì ká ìwé náà padà sápò.

Ó ní àwọn kan ti gba òun nímọ̀ràn pé kí òun gbé iṣẹ́ náà lọ sí Òṣogbo, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fín ìwé sára òkúta láàárín wákàtí kan. Òun kò gbà. Ta ló yẹ kó ṣe òkúta àbúrò òun bí kò ṣe ẹni tó jẹ́ awakọ̀ rẹ̀ lójú ogun, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, tó sì bá wọn gbé òkú rẹ̀ wálé? Sàídì dúpẹ́. Kò gbójú sókè.

Kí Kọ́láwọlé tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó rán an létí ohun tó ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá kò gbọ́dọ̀ rí òkúta náà. Onígbàgbọ́ paraku ni wọ́n nílé wọn, Onítẹ̀bọmi tó ń ka Bíbélì láàárọ̀ láṣàálẹ́, ṣùgbọ́n òbí kì í rí sàréè ọmọ. Láti ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sin Bámidélé, ìyá rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí, wọn kò tilẹ̀ sọ fún un apá ibi tí ó wà nínú ilẹ̀ ìsìnkú. Bó bá ránṣẹ́ wá, kí Sàídì sọ pé òkúta kò sí lọ́wọ́ òun.

Sàídì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì tó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, páànù mẹ́jọ lórí òpó mẹ́rin. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé mùsùlùmí tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kí sàréè wà láìlọ́ṣọ̀ọ́ ló ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí sàréè onígbàgbọ́. Òun náà á ní kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú máa fọ abọ́ tirẹ̀.

Nínú gbogbo ọdún tó ti fi ṣe iṣẹ́ náà, kò kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ó ti fín "Bàbá rere" sórí òkúta ọkùnrin kan tó lé ìyàwó jáde sínú òjò tọmọtọmọ. Ó ti fín "Ìyá tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn" fún obìnrin kan tí àdúgbò ń sá fún. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń ṣe ni pé á ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún ẹbí lẹ́ẹ̀mẹta, torí àṣìṣe orí òkúta kò ṣe é pa rẹ́. Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Òkúta kì í bínú sí ẹni tó purọ́ sí i lára.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé irin lé ìlà kẹta yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti gbé e kúrò. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le láti fín. Ó ti gbọ́ ọ rí ni, ẹnu Méjọ̀ Bámidélé fúnra rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọdún 2015 ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí ogun àwọn agbésùnmọ̀mí ti gbóná jù. Méjọ̀ ni ọ̀gá àgọ́ wọn. Bó ṣe gbọ́ pé ọmọ Ẹdẹ ni Sàídì, pé ìyá òun gan-an ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ó sọ ọ́ di awakọ̀ òun lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Sàídì ti mọ ọ̀gá rẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Akin ni, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ọta ba Sàídì ní itan, Méjọ̀ ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn kọjá pápá gbalasa kan tí ìbọn ń dún lé lórí. Ìkà sì ni. Wáyà iná ló fi ń na àwọn ọmọ ogun rẹ̀, bó bá sì ń nà wọ́n, a máa ka iye rẹ̀ sókè, kó má baà ṣì í kà.

Ọmọ ogun kan wà tó ń jẹ́ Jacob, bàbá ọmọ méjì. Oorun gbé e lọ lẹ́nu ìṣọ́ lẹ́yìn tó ti ṣọ́nà fún òru méjì láìsinmi. Méjọ̀ ní kí wọ́n dè é mọ́ igi kan láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fún un lómi. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ẹdẹ. Kí aago mẹ́rin tó lù, orí Jacob ti ṣubú sí àyà. Méjọ̀ pe akọ̀wé, ó ní, "Kọ ọ́ pé ó kú lọ́wọ́ ọ̀tá." Sàídì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ìyàwó Jacob nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní àbáwọlé abúlé kan pa méjì nínú wọn. Méjọ̀ kó ọkùnrin mẹ́tàdínlógún jọ ní abúlé náà, àwọn mìíràn nínú wọn kò lè nàró mọ́ nítorí ogbó. Ó kó wọn sí yàrá ìkàwé kan, ó bi wọ́n ta ló rì í. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì ní kí Sàídì lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wá nínú ọkọ̀. Ọmọ ogun mẹ́rin mìíràn ló wà níbẹ̀, ẹnì kan kò wojú ẹnì kejì.

Nínú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìbọn Sàídì wà lọ́wọ́ òsì. Ìbọn ló gbé. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin náà lọ ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin náà sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sáré. Nígbà tí wọ́n padà sí àgọ́ tí akọ̀wé bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kan dáhùn pé, "Ó kú lọ́wọ́ ọ̀tá." Títí di òní Sàídì kò rántí ẹni tó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ òun.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, bóyá ìbá ti rí oorun sùn. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu àgọ́ wọn, ènìyàn mẹ́rin kú. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ló júwe ọ̀nà. Wọ́n ní o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Ohun mìíràn tún wà tí Sàídì kì í fẹ́ rò. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yìnbọn náà gan-an, Méjọ̀ ti gbá a létí lójú gbogbo ènìyàn nítorí tíì tó tutù. Ìgbà mìíràn á bi ara rẹ̀ bóyá nítorí àwọn mẹ́tàdínlógún ló ṣe yìnbọn, tàbí nítorí Jacob, tàbí nítorí ìgbájú náà. Ìdáhùn rẹ̀ kì í dọ́gba lójoojúmọ́.

Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ lọ́dún kejì. Òfin ológun kò ṣòro fún un láti mọ̀. Ọmọ ogun tó bá pa ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun, ikú ni wọ́n ń dá fún un, ọdún kò sì ń wẹ ọ̀ràn náà nù. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ni Àlùfáà Usamah, tí Sàídì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn bí ẹni pé ti ọ̀rẹ́ òun kan ni. Àlùfáà bèèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rẹ́ náà lè gbà dá ọ̀gá rẹ̀ dúró. Sàídì ní kò sí. Àlùfáà ní bó bá jẹ́ pé kò sí lóòótọ́, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó dáàbò bo ẹ̀mí, ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ náà bi ara rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àyílà, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ìsọ̀. Ìyá arúgbó kan rọra sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, àpamọ́wọ́ lábíyá kejì. Esther Ọláyẹmí ni, ẹni ọgọ́rin ọdún, tí gbogbo ẹni tó gba ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi àdúgbò wọn kọjá ń pè ní Tíṣà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Sàídì yára fa àpò sìmẹ́ńtì kan bo òkúta náà kó tó dọ̀bálẹ̀.

"Ṣí i," ìyá wí. "Etí mi ṣì ń gbọ́ran. Àpò lo fi bò ó."

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ rí i."

"Sàréè ni wọ́n ní òbí ò gbọdọ̀ rí. Ṣé orí sàréè ló wà yìí? Orí tábìlì ló wà. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe èèwọ̀ fún tábìlì."

Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ṣe é bá jiyàn. Sàídì ká àpò náà kúrò, ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ tábìlì fún un. Ìyá fi ìka tọ òkúta náà láti òsì sí ọ̀tún. Ó tọ Méjọ̀, ó dé orí B, ó dúró.

"B rẹ ti dára sí i," ó wí. "Ní kíláàsì kẹrin, ẹ̀yìn lo máa ń kọ ikùn rẹ̀ sí."

Ó tọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tán, ó tọ ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bọ́ sórí ibi tó ń dán tí kò sí nǹkan kan. Ó bèèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, Sàídì sì kà á fún un.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n kọ."

Ìyá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ìgbà tí Bámidélé wá sílé kẹ́yìn, ó ń jẹun lọ́wọ́, ó sì sọ fún òun nípa ọmọ ogun kan tí òun ní kí wọ́n dè mọ́ igi. Ó sọ ọ́ débi tí ọmọ náà kú, kò sì dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀," ìyá wí. "Mo ní, Ọlọ́run, mú ọmọ yìí kúrò níbẹ̀ kó tó di ẹni tí èmi ìyá rẹ̀ ò ní mọ̀ mọ́. Ọ̀nà yòówù tí o bá fẹ́ gbà. Bí mo ṣe wí nìyẹn, ọ̀nà yòówù. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n mú ìròyìn wá." Ó gbé ọwọ́ padà lé orúkọ ọmọ rẹ̀. "Láti ìgbà náà, mi ò gbàdúrà fún ọmọ kankan mọ́. Bí Kọ́láwọlé bá kúnlẹ̀ síwájú mi, ẹnu lásán ni mo ń mì. Ẹ̀rù ẹnu mi ń bà mí. Ìwọ lo wà níbẹ̀, Sàídì. Ọ̀tá ló pa á ni, àbí èmi?"

Kò ṣòro láti sọ pé ọ̀tá ni. Ìwé ìjọba gbè é lẹ́yìn, òkúta náà ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n Sàídì rí i pé bí òun bá pe ọ̀tá tí kò lórúkọ, Ọlọ́run ni ìyá yìí yóò ka ọ̀tá náà sí, yóò sì máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ dé sàréè tirẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ nìkan ló lè bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sínú omi tó ti dà nù.

"Èmi ni, Màmá," ó wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò yọ Jacob kúrò, kò sì yọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn kúrò. Ó sọ ti àwọn mẹ́tàdínlógún àti ti àwọn mẹ́rin tó kú lẹ́yìn wọn. Ó sọ ti tíì tó tutù. Oníkẹ̀kẹ́ fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, wọn kò dá a lóhùn. Nígbà tó parí, ìyá náà ṣì gbé ọwọ́ lé orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Bẹntiróòlù yẹn," ó wí níkẹyìn, "ṣé o ò lè dà á nù ni?"

"Ó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn rẹ̀, Màmá. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń wá sí mi lọ́kàn."

"Ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí mi."

Ìyá náà sunkún nígbà náà, kò pariwo, ó kàn ń fi etí ìró nu ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Sàídì kò mọ ohun tí ẹni tó wà nípò òun ń ṣe, nítorí náà kò ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ kí ìyá tó wá ọ̀pá rẹ̀ kàn, tó sì dìde.

"Mi ò lè dárí jì ọ́ lónìí," ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é lọ́la. Àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn ní ìyá, èmi náà sì ní ọmọ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo bò ọ́ láṣìírí o. Ẹnu tó sọ ọ́ fún mi náà ni yóò sọ ọ́ fún Kọ́láwọlé. Má kọ nǹkan kan sí ìlà kẹta. Màá fi ohun tí wàá kọ ránṣẹ́."

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan náà, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀, Sàídì sọ fún Sìmbíátù. Ìyẹn bi í léèrè ta ni yóò bá òun tọ́ ọmọ mẹ́ta bí wọ́n bá wá mú un lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló tó wá sọ pé òun ti kó aṣọ ọkọ òun tó mọ́ jọ sínú báàgì kan, kó wà nítòsí, bó bá ṣẹlẹ̀.

Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kọ́láwọlé gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá. Ó ti wọ aṣọ funfun tó fẹ́ fi ṣe ètò náà. Kò kí Sàídì bó ti máa ń kí i. Ó fa ojú ìwé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó wọ́, ó ń sá kúrò lórí ìlà bí ọ̀nà ẹni tí kò ríran. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Ọmọ mi ni.

Kọ́láwọlé ní ó dá òun lójú pé ìyá òun ti wá síbí, kí Sàídì má wulẹ̀ purọ́. Ó ní òun ti bá màmá jiyàn títí. Òun bi wọ́n pé kí ni àwọn àlejò yóò wí bí wọn kò bá rí akọni níbẹ̀. Màmá fèsì pé ẹsẹ̀ òun kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ojú òun kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu òun dé ibẹ̀.

Sàídì ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, bó ti máa ń ṣe. Kọ́láwọlé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé irin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tó fi fín in tán, tó sì fi omi ṣan eruku rẹ̀ kúrò.

Kọ́láwọlé dúró tì í ní gbogbo àkókò náà. Ìbínú rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó ṣe màmá," ó wí. "Àná ni wọ́n pè mí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbàdúrà fún mi pẹ̀lú ohùn rara. Mo ti ń lọ sí ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn kẹ́yìn."

Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó di etí òkúta náà kan mú, ó ń dúró kí Sàídì di èkejì mú. Sàídì nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ó wo ojú títì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbé èrò lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, ó sì rántí báàgì tí Sìmbíátù ti dì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ fa bẹ́ǹṣì tí ìyá jókòó lé lọ́jọ́ náà jáde, ó nù ún mọ́.

"Ẹ má tíì gbé e, sà," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kọ́láwọlé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì ku bíi wákàtí méjì. Ó fi òkúta náà sílẹ̀, ó sì jókòó.